Frank Sprague, Ẹni tí ó Fi Ìjánu sí Ẹnu Mọ̀nàmọ́ná

Ẹṣin tí ó lágbára púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ìjánu ní ẹnu kì í ṣe ẹran gígùn. Bí ènìyàn bá gun irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, yóò gbé e lọ sí ibi tí kò fẹ́ lọ, bí ó bá sì wù ú, yóò gbé e ṣánlẹ̀. Bákan náà ni gbogbo agbára tí ń bẹ ní ayé rí, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́, ìbáà ṣe mọ̀nàmọ́ná. Kì í ṣe bí wọ́n ti pọ̀ tó ni ó sọ wọ́n di ohun ìlò fún ọmọ ènìyàn, bí kò ṣe bí a ti lè kó wọn ní ìjánu tó.

Ẹni tí ó bá wọ inú ilé-iṣẹ́ ńlá kan lónìí yóò rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni yóò rí àwọn ẹ́ńjìnnì tí agbára mọ̀nàmọ́ná ń yí: ọ̀kan ń fa omi, òmíràn ń la gẹdú, òmíràn ń lọ ọkà. Agbára ẹyọ kan nínú wọn lè tó ti ẹṣin 100. Síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni yóò na ìka rẹ̀, tí yóò tẹ bọ́tìnì kékeré kan lára àpótí irin tí a kàn mọ́ ògiri, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì kejì, ẹ́ńjìnnì náà yóò dúró jẹ́ẹ́. Àpótí irin yìí ni ìjánu ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni ó ronú, tí wọ́n sì ṣe làálàá, kí irú rẹ̀ tó wà. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Frank Julian Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

A bí Sprague ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1857, ní ìlú Milford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Kò pẹ́ púpọ̀ lábẹ́ ìtọ́jú ìyá, nítorí pé kí ó tó pé ọmọ ọdún 10 ni ikú ti mú ìyá rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ kó òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ìlú North Adams, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dọ̀ arábìnrin bàbá wọn. Obìnrin yìí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kọ́ rárá, ọmọ náà sì tètè fi hàn pé òun ní orí ìṣirò. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé gíga ti ìlú náà, ó gbéra lọ sí ìlú Springfield láti ṣe ìdánwò. Ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun orí ilẹ̀. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó rí i pé ìdánwò ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi ni wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíràn ìbá padà sí ilé, ṣùgbọ́n ọmọ náà jókòó, ó ṣe ìdánwò ọlọ́jọ́ mẹ́rin náà, ó sì ta gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe é yọ. Báyìí ni ó ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́ Annapolis ní ọdún 1874, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1878 pẹ̀lú ipò gíga.

Ọkọ̀ ojú omi tí a kọ́kọ́ fi í sí ni èyí tí a ń pè ní Richmond. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé orúkọ yìí kan náà, orúkọ ìlú kan, ni yóò sọ ọ́ di olókìkí lọ́jọ́ iwájú. Bí ọkọ̀ náà ti ń rin òkun lọ sí ilẹ̀ Éṣíà ni Sprague ń ya àwòrán oríṣìíríṣìí ẹ̀rọ sí inú ìwé rẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná ṣì jẹ́ ohun tuntun ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ ìlò rẹ̀ ju fífi wáyà rán iṣẹ́ lọ. Nígbà tí Sprague wà nínú ọkọ̀ ogun mìíràn tí í jẹ́ Lancaster, ó ta wáyà yí inú ọkọ̀ náà ká, ó sì so agogo mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wà ní ibi kan lè pe ẹni tí ó wà ní ibòmíràn. Kò tíì sí irú agogo bẹ́ẹ̀ rí nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kékeré ni èyí lójú ẹni tí kò bá ronú jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré: wáyà tín-ín-rín lè gbé àṣẹ lọ sí ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé.

Ní ọdún 1882, a gba Sprague láàyè láti lọ wo àfihàn ohun èlò mọ̀nàmọ́ná ní Crystal Palace, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àwọn tí ń yẹ ẹ̀rọ wò níbẹ̀. Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń wọ̀. Ní àkókò náà, ẹ́ńjìnnì tí ń jó èédú ni ó ń fa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà, èéfín kò rí ọ̀nà jáde dáradára. Àwọn èrò ń wúkọ́, ojú ń ta wọ́n, aṣọ wọn sì ń dúdú. Sprague wo gbogbo ìyà yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé bí a bá lè fi mọ̀nàmọ́ná fa ọkọ̀, èéfín yóò dópin. Láti ọjọ́ náà ni èrò yìí kò ti kúrò ní ọkàn rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1883, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomas Edison, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ká gbogbo ayé nítorí gílóòbù iná. Sprague ran Edison lọ́wọ́ púpọ̀ nípa fífi ìṣirò wá bí wáyà ti yẹ kí ó nípọn tó kí iná tó lè dé ilé gbogbo ní ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Iná títàn ni ó jẹ Edison lógún. Ẹ̀rọ yíyí ni ó jẹ Sprague lógún. Kò tó ọdún méjì tí Sprague fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1884 láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì mọ̀nàmọ́ná.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó mú kí irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣòro láti darí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì mọ̀nàmọ́ná bá ń yí, yíyí tí ó ń yí gan-an a máa mú agbára kan jáde láti inú rẹ̀, èyí tí ń ti mọ̀nàmọ́ná tí ń bọ̀ padà sẹ́yìn. Nítorí náà kì í gba ju ìwọ̀n tí ó tó fún un lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dúró, kò sí ohun tí yóò ti mọ̀nàmọ́ná náà padà. Bí a bá ṣí ọ̀nà fún un lójijì, yóò ya wọ inú ẹ́ńjìnnì náà bí omi tí ó já ògiri odò. Èyí tí yóò wọlé lè tó ìlọ́po ìlọ́po ìwọ̀n tí ó yẹ. Wáyà inú rẹ̀ yóò gbóná, ohun tí a fi wé wáyà náà yóò jó, èéfín yóò sì rú. Ìdí nìyí tí a fi ní láti dí mọ̀nàmọ́ná lọ́nà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbéra. A óò mú kí ó kọ́kọ́ gba inú irin tí ń dín agbára rẹ̀ kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára sí i, a óò máa yọ ìdíwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní sí ìdíwọ́ mọ́. Iṣẹ́ ìjánu nìyí. Bí a bá yára yọ ìdíwọ́ jù, ẹ́ńjìnnì yóò jó. Bí a bá sì lọ́ra jù, irin tí ń dí agbára yóò gbóná, agbára yóò sì ṣòfò.

Ní ọdún 1887, àwọn olówó kan tí wọ́n ní ọkọ̀ ìgboro ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, bá Sprague ṣe àdéhùn. Láyé ìgbà náà, ẹṣin àti ìbaaka ni ó ń fa ọkọ̀ ìgboro lórí irin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Àdéhùn náà le púpọ̀. Láàárín ọjọ́ 90 péré, Sprague gbọ́dọ̀ kọ́ ilé ẹ̀rọ tí yóò máa mú agbára wá, kí ó ta wáyà sí òkè ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 12, kí ó sì fi ẹ́ńjìnnì 80 sí abẹ́ ọkọ̀ 40, méjì méjì sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ dọ́là 110,000, ṣùgbọ́n kò ní gba owó náà àfi bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò tíì sí ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Sprague tìkára rẹ̀ kò tíì yanjú gbogbo ohun tí ó fi ọwọ́ sí pé òun yóò ṣe.

Bí ó ti fi ọwọ́ sí ìwé tán ni ìpọ́njú bẹ̀rẹ̀. Ibà táífọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì di dandan kí àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Oscar Crosby àti Dana Greene, tí àwọn náà ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, máa bá iṣẹ́ lọ láìsí i. Nígbà tí ó dìde ní orí àìsàn tí ó lọ wo ọ̀nà náà, àyà rẹ̀ já. Irin tí wọ́n tò sí ilẹ̀ kò nípọn, amọ̀ rírọ̀ ni abẹ́ rẹ̀, kọ́nà ibẹ̀ sì há. Èyí tí ó burú jù lọ ni òkè kan tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá rin ẹsẹ̀ 100 síwájú, yóò gun tó ẹsẹ̀ 10 sókè. Ẹṣin pàápàá ń jìyà kí ó tó gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì mọ̀nàmọ́ná lè gùn ún.

Sprague pinnu láti dán an wò ní òru, kí ojú má baà pọ̀. Ọkọ̀ náà gbéra, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó gun òkè kan, ó gun èkejì, títí ó fi dé orí òkè ńlá náà. Inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà, wáyà inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi dúró gbagidi tí kò lè lọ mọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí péjọ láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti jó, ìròyìn yóò tàn kálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí ó ni owó yóò sì fà sẹ́yìn. Sprague ṣe bí ẹni pé ohun kékeré ni ó bàjẹ́. Ó sọ fún Greene ní ohùn tí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé kí ó lọ mú irinṣẹ́ wá. Lẹ́yìn náà ó pa iná ọkọ̀, ó sì nà gbalaja sí orí àga. Nígbà tí ó sú àwọn ènìyàn, wọ́n túká lọ sí ilé wọn. Ní ìgbẹ̀yìn ni Greene dé pẹ̀lú irinṣẹ́ náà: ìbaaka mẹ́rin tí ó sanra dáradára ni. Àwọn ni ó wọ́ ọkọ̀ mọ̀nàmọ́ná náà padà sí ilé nínú òkùnkùn.

Bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Sprague kò jókòó kí ó máa káwọ́ lérí. Ó mọ̀ báyìí pé ọkọ̀ lè gun òkè náà, àti pé àìsàn ẹ́ńjìnnì ni ó kù tí òun yóò wá egbòogi fún. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Providence, lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n bá òun ṣe àgbá eléyín mìíràn tí yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí púpọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí díẹ̀. Ó so ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà kan tí ó dára: apá kan rẹ̀ wà ní orí ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, apá kejì sì rọ̀ mọ́ sípíríǹgì, kí eyín ẹ̀rọ má baà yẹ̀ lára ara wọn bí ọkọ̀ bá ń fò sókè sódò lórí irin tí kò dán. Àwọn idẹ tí ń gbé mọ̀nàmọ́ná wọ inú ẹ́ńjìnnì ń yára jẹ, tí a fi ní láti máa pààrọ̀ wọn nígbà gbogbo. Ọ̀pá tí ń kan wáyà òkè náà yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n ṣe tí wọ́n sì sọ nù kí wọ́n tó rí èyí tí ó dára. Ọjọ́ 90 ti kọjá tipẹ́. Àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe dín owó iṣẹ́ náà kù, nígbà tí ìnáwó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1888, ọkọ̀ mọ̀nàmọ́ná Richmond bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò. Kò sí ọjọ́ tí nǹkan kan kì í bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi òru tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà ń lọ, títí tí ọkọ̀ fi ń rìn déédéé. Nígbà tí a ṣe ìṣirò, owó tí Sprague ná pọ̀ ju èyí tí ó gbà lọ dáradára. Ní ti owó, ó pàdánù. Ní ti iṣẹ́, ó borí.

Kò pẹ́ tí Henry Whitney, ọ̀gá àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ìgboro ní ìlú Boston, fi wá wo iṣẹ́ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò wọn. Ẹnì kan tí ó bá a wá ṣe iyè méjì. Ó bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá ká ara wọn mọ́ ibì kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì fẹ́ gbéra pọ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, nítorí pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ gbéra ni ó ń jẹ agbára jù lọ. Ní òru ọjọ́ kan, Sprague to ọkọ̀ 22 sí ojú kan tí a kò ṣe fún ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ó pàṣẹ kí àwọn tí ó wà ní ilé ẹ̀rọ gbé agbára sókè dé ibi tí ó lè dé. Ó sì fi àmì fún àwọn awakọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra, èkejì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Iná inú àwọn ọkọ̀ náà di bàìbàì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí kò rìn. Whitney gbà, Boston sì yan mọ̀nàmọ́ná. Kí ọdún 1889 tó parí, ìlà ọkọ̀ tí ó lé ní 100 ni ó ti ń lo ohun èlò Sprague tàbí tí ó ti ń múra láti lò ó. Ní ọdún 1890 ilé-iṣẹ́ Edison ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Sprague sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Iṣẹ́ tí ó wá lọ ni lífíìtì, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sí òkè ilé gíga. Ní ọdún 1892 ó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan fún un pẹ̀lú ẹnì kan tí í jẹ́ Charles Pratt. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìjánu ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Nínú ọkọ̀ ìgboro, awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìjánu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi ń yí i. Ṣùgbọ́n inú lífíìtì tí ń lọ sókè tí ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni olùdarí wà, ẹ́ńjìnnì tí ń fa lífíìtì náà sì wà ní ibi tí ó jìnnà sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Nítorí náà Sprague lo wáyà tín-ín-rín láti gbé àṣẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe pẹ̀lú agogo inú ọkọ̀ ogun. Mọ̀nàmọ́ná kékeré tí ó gba inú wáyà náà ni ó ń mú kí ìjánu ńlá tí ó wà lọ́hùn-ún ṣí tàbí kí ó tì.

Ní àkókò tí wọ́n ń dán ọ̀kan wò nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní New York, Sprague àti àwọn mìíràn wà nínú lífíìtì náà. Ó dé àjà òkè pátápátá, ó sì yẹ kí ó dúró, ṣùgbọ́n ìjánu lẹ̀ mọ́ra, kò tú sílẹ̀. Bí lífíìtì bá kọlu òrùlé, okùn rẹ̀ lè já, kí gbogbo wọn sì já bọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó rí i pé nǹkan kò lọ déédéé, tí ó sì já súìṣì ńlá kíákíá. Ohun tí ó gbà wọ́n nìyẹn. Láti inú irú ìrírí yìí ni gbogbo oníṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti kọ́ ọ pé bí a bá ń ṣe ohun tí yóò mú ẹ̀rọ gbéra, kí a kọ́kọ́ ṣe ohun tí yóò dá a dúró bí ìjánu rẹ̀ bá kọ̀.

Iṣẹ́ lífíìtì yìí ni ó la ojú Sprague sí iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ní iwájú ni ó ń fa ọkọ̀ ojú irin gígùn. Bí kọ́ọ̀ṣì bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ wúwo, ìwúwo rẹ̀ a sì máa ba irin àti afárá jẹ́. Sprague bi ara rẹ̀ léèrè pé bí òun bá lè fi wáyà darí ẹ́ńjìnnì kan láti òkèèrè, kí ni kò ní jẹ́ kí òun darí mẹ́wàá pọ̀? Bí a bá fi ẹ́ńjìnnì àti ìjánu sí abẹ́ kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, tí a sì na wáyà àṣẹ láti kọ́ọ̀ṣì iwájú dé ti ẹ̀yìn, awakọ̀ kan yóò yí ọwọ́ ìdarí kékeré níwájú, gbogbo ìjánu tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ yóò sì gbọ́ àṣẹ náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Kọ́ọ̀ṣì ìbáà jẹ́ méjì, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, agbára yóò máa pọ̀ bí ẹrù ti ń pọ̀.

Ní ọdún 1897, ó fi èyí lọ àwọn tí ó ni ọkọ̀ ojú irin South Side ní ìlú Chicago, tí ọkọ̀ wọn ń gba orí afárá gíga kọjá láàárín ìlú. Wọ́n fẹ́ kọ́ọ̀ṣì 120, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́ tán. Wọ́n ní kí ó fi dọ́là 100,000 dúró, tí yóò pàdánù bí iṣẹ́ náà bá kùnà, kí ó sì fi kọ́ọ̀ṣì díẹ̀ hàn wọ́n láàárín oṣù mélòó kan. Ẹni tí ó ti jìyà ní Richmond mọ ohun tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè fà, síbẹ̀ Sprague gbà. Ní oṣù Keje ọdún náà, ní ìlú Schenectady, ó so kọ́ọ̀ṣì mẹ́fà pọ̀ níwájú àwọn àlejò láti Chicago. Kì í ṣe òun ni ó jókòó sí ìdí ọwọ́ ìdarí, kì í sì í ṣe awakọ̀ kan tí ó ti gbó nínú iṣẹ́ náà. Desmond ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún bíi 10 lọ, ni ó fi síbẹ̀. Ọmọdé náà yí ọwọ́ ìdarí, kọ́ọ̀ṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbéra pọ̀. Ó dá a padà, wọ́n sì dúró. Kò sí àlàyé tí ó tún lè dára ju èyí lọ. Ní ọdún 1898, èéfín ti kúrò lórí ọ̀nà náà ní Chicago.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìsopọ̀ wáyà náà yẹ fún àkíyèsí. Wáyà oríṣìí méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni wáyà agbára, èyí tí ó nípọn, tí ń gbé mọ̀nàmọ́ná púpọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Kò rìn jìnnà, abẹ́ kọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ni ó mọ sí. Èkejì ni wáyà àṣẹ, tí ó tín-ín-rín, tí ó gba gbogbo ara ọkọ̀ kọjá. A so wáyà wọ̀nyí pọ̀ láàárín kọ́ọ̀ṣì méjì ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tilẹ̀ yí kọ́ọ̀ṣì kan kọ ẹ̀yìn sí iwájú, àṣẹ pé kí ọkọ̀ lọ síwájú kò ní di àṣẹ pé kí ó padà sẹ́yìn. Ohun kan sì tún wà lára ìjánu kọ̀ọ̀kan tí ń wo ìwọ̀n mọ̀nàmọ́ná tí ń wọlé. Bí awakọ̀ bá tilẹ̀ kù gìrì yí ọwọ́ ìdarí dé òpin, ìjánu kò ní yọ ìdíwọ́ ju bí ẹ́ńjìnnì ti lè gbà lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ìkánjú ènìyàn kò lè jó ẹ̀rọ náà mọ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀nà yìí fi tàn dé ibi púpọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èéfín ti fún Sprague ní ìrònú àkọ́kọ́, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Central London bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1900 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mọ̀nàmọ́ná ńlá ńlá tí ń fa kọ́ọ̀ṣì. Ìwúwo wọn ń mi ilé àwọn ènìyàn tìtì. Ní ọdún 1903, wọ́n fi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ àwọn kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rọ́pò wọn, ilé kò sì mì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1902, ilé-iṣẹ́ General Electric ra iṣẹ́ Sprague. Lẹ́yìn náà ó wà lára àwọn tí ó ṣètò bí mọ̀nàmọ́ná yóò ṣe máa fa ọkọ̀ ojú irin wọ ibùdó Grand Central ní New York. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó tún fi ọgbọ́n rẹ̀ sin àwọn ológun ojú omi orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1934, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 77, a sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington.

Kì í ṣe Sprague nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ ìjánu ẹ́ńjìnnì. Harry Ward Leonard wá ọ̀nà tirẹ̀ láti mú kí ẹ́ńjìnnì yára tàbí kí ó rọra, Nikola Tesla sì ṣe ẹ́ńjìnnì oríṣìí mìíràn tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí àpótí ìjánu ara ògiri wò lónìí yóò rí ìlànà tí Sprague fi han ayé. Yóò rí wáyà tí ó nípọn àti wáyà tí ó tín-ín-rín, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kì í fi ọwọ́ kan agbára ńlá náà. Mọ̀nàmọ́ná kékeré ni ó ń rán sí irin òòfà kan, òòfà náà ni ó sì ń fa súìṣì ńlá dé. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ yóò mú kí wáyà àṣẹ kọ́kọ́ gba ìdí bọ́tìnì ìdádúró kọjá, tí ó fi jẹ́ pé bí wáyà náà bá já, ẹ̀rọ yóò dúró dípò kí ó máa sáré lọ. Yóò sì fi ohun kan síbẹ̀ tí yóò já ọ̀nà bí ẹ́ńjìnnì bá gba agbára jù, kí ó tó jó. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní Èkó ní ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí a ṣe ní ìlànà yìí: awakọ̀ kan níwájú ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná nìkan. Nígbà tí àwọn mìíràn ń wá agbára tí ó pọ̀ sí i, ọ̀nà tí a óò fi darí èyí tí ó wà lọ́wọ́ ni ó wá. Ó ṣubú lójú ọ̀nà, ìbaaka wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ilé nínú òkùnkùn, owó rẹ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n kò fi àṣìṣe kan sílẹ̀ láìwá ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún olúkúlùkù ènìyàn. Ẹni tí ó ní okun tí kò ní ìjánu yóò jó bí ẹ́ńjìnnì tí a ṣí ọ̀nà fún lójijì. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró, ni yóò gun òkè dé orí.